Ọmọ Inú Ìwé Tí Kò Ṣe Ẹnikẹ́ni Láàánú

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, yàrá kan àti pálọ̀ ni mo sì háyà ní Mayfair, nítòsí ibi tí àwọn ọkọ̀ akérò ti máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kámpọ́ọ̀sì. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa nígbà náà. Ohun tó wà lọ́kàn mi jù lọ ni kí n kọ ìwé ìtàn àròsọ kan tí ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí kà tí kò ní fẹ́ gbé sílẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pàápàá. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìlá kan ni ìtàn náà dá lé lórí, tí wọ́n mú láti abúlé wá sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ní ìgboro. Mo fẹ́ kí ọmọ náà wọ àwọn òǹkàwé lọ́kàn, n kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà ju pé kí n fi ìyà jẹ ẹ́. Ìyá rẹ̀ kú ní orí kìíní. Bàbá rẹ̀ kú ní orí kejì. Nígbà tí a ó fi dé orí kẹta, ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ní abúlé ti jóná. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń nà án láràárọ̀, ebi ń pa á, kò sí aṣọ lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń sunkún láti ojú ìwé kan bọ́ sí òmíràn. Èmi náà sunkún bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo gbà pé bí omijé bá ti bọ́ lójú ẹni tó ń kọ̀wé, dandan ni kó bọ́ lójú ẹni tí yóò kà á.

Nígbà tí mo kọ orí méje, mo kó wọn lọ bá ọmọbìnrin kan tó ń taìpù nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan létí ọ̀nà. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ìwé mẹ́wàá ló kà kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ taìpù. Tábìlì kan, àga méjì àti bẹ́ńṣì tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí ló gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá síbẹ̀. Pírójẹ́ẹ̀tì wọn ni wọ́n ń gbé wá, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń kọ ọ́. Ìwé tèmi ni Yorùbá àkọ́kọ́ tó máa tẹ̀ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ òyìnbó ni ẹ̀rọ rẹ̀. Kò ní àmì ohùn, kò sì ní èyí tí à ń fi sí abẹ́ lẹ́tà. Nítorí náà, bó bá ti tẹ ojú ìwé kan tán, báírò la fi ń fi gbogbo àmì sí i. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é ni pé yóò mú ìwé tí mo fọwọ́ kọ lọ́wọ́, yóò máa kà á sókè, èmi yóò sì mú èyí tó tẹ̀ lọ́wọ́, máa fi àmì sí i bó ṣe ń kà á lọ. Lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti pa lọ́sàn-án ni mo máa ń lọ bá a. Báyìí ni ọmọbìnrin yìí ṣe di ẹni àkọ́kọ́ tó ka ìwé mi sókè kí n gbọ́.

Bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì ló ṣe kà á. Ìyá ọmọ náà kú, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Bàbá náà kú, ó ní kí n sún kúrò nínú oòrùn. Nígbà tí a dé ibi tí ilé jóná, ó dákẹ́, ọkàn mi sì sọ pé ó ti kàn án lára. Ẹ̀pà ló fẹ́ bó. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, ó sì ń bá kíkà rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a parí orí keje, mo bi í pé báwo ni ìtàn náà ti rí sí i. Ó ní ó dára, Yorùbá mi jinlẹ̀. Mo ní kì í ṣe Yorùbá ni mò ń bi í, ọmọ náà ni. Ó wo ilẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun to ìwé náà pọ̀ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Mo tún bi í.

“Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi,” ó ní. “Ọmọ náà kò ṣe mí láàánú. Mo mọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún un, ṣùgbọ́n mi ò mọ òun fúnra rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ràn, mi ò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ ṣẹ ẹnikẹ́ni rí. Mi ò rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.”

Ó wá fi kún un, ní ohùn pẹ̀lẹ́, pé láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn. Ó ní ọmọ tó bá ń gbé ilé onílé kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè sunkún. Ojú ló máa ń wò. Láàárọ̀, yóò ti wo ojú onílé kó tó kí i, kó lè mọ irú ọjọ́ tí ọjọ́ náà yóò jẹ́.

Inú bí mi. N kò jẹ́ kó hàn lójú mi, ṣùgbọ́n mo kó ìwé mi, mo sì jáde. Bí mo ṣe ń lọ ni mò ń sọ lọ́kàn pé èmi tí mo gboyè nínú èdè Yorùbá, tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn bí wọn yóò ṣe ka ìwé, ẹni tó ń taìpù ló wá ń sọ fún mi pé ọmọ tí mo dá kì í ṣe ènìyàn.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá mi nílé wa lẹ́yìn Ẹnuwá. Ìyá mi kò lọ sí ilé-ìwé. Ó ti ṣiṣẹ́ ju ogún ọdún lọ ní ilé ìwòsàn, ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Òun ló ń nu ilẹ̀, òun ló ń pín oúnjẹ, òun ló ń tún ibùsùn tẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ohun tí mo bá lọ ni pé kó gbè mí. Mo rò fún un bí ọmọ taìpù yẹn ṣe fi ìwé mi wọ́lẹ̀.

Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún òun. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí mo bá a dé, òun sì ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Èdè Ifẹ̀ ló máa ń bá wa sọ nílé, ṣùgbọ́n n ó kọ ọ́ bí gbogbo ènìyàn yóò ṣe gbọ́ ọ.

“Ọmọ yìí,” ó ní, “kí ló ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe?”

Mo ní ìyà ló ń jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé atẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ọmọ kan tí n kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin ni, bí ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Omi gbígbóná ló dà sí i lẹ́sẹ̀, wọ́n sì gbé e wá láti oko nínú ọkọ̀ tó ń kó kòkó. Ìyá rẹ̀ ní ọmọ ọwọ́, kò lè dúró tì í, ó padà sóko. Ní wọ́ọ̀dù náà, bí aago ìbẹ̀wò bá ti fẹ́ lù lọ́sàn-án, ọmọ yìí yóò fa aṣọ ibùsùn rẹ̀ gún régé. Yóò sún sí etí kan. Yóò wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ kejì títí tí yóò fi mọ́, níbi tí àlejò máa ń jókòó sí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń retí ènìyàn. Nígbà tí àwọn àlejò bá lọ tán tí ẹnikẹ́ni kò wá, yóò sọ fún àwọn ará ibùsùn kejì pé ìyá òun ti wá láàárọ̀ nígbà tí wọ́n ń sùn, pé ó gbé dòdò wá, òun sì ti jẹ ẹ́ tán.

Ìyá mi ní irọ́ ni, gbogbo àwọn mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ní ọmọ náà kì í sì í ṣe ọmọ jẹ́jẹ́ rárá. Ọmọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n máa ń gbé ọsàn wá fún, bí gbogbo ènìyàn bá sì ti yíjú, yóò já ọmọ yẹn ní èékánná.

“Àwọn tó ń ké pọ̀ ní wọ́ọ̀dù,” ìyá mi ní. “À ń rẹ̀ wọ́n, a sì ń lọ sídìí iṣẹ́ wa. Èyí tí kò ké yìí, òun ló mú kí n lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí n fi ìborùn nu ojú.”

Mo bi í bóyá ìyá ọmọ náà wá. Ó ní ó wá ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó pọn ọmọ ọwọ́ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku. Ọmọ tó ti ń gbá ààyè sílẹ̀ dè é láti ọjọ́ yìí wá yí ojú sí ògiri, kò kí i. Ìyá náà kò bá a wí. Ó kàn jókòó sí ibi tó mọ́ yẹn, ó sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọmọ náà jinná, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní ilé ìwòsàn.

Ìyá mi tún gbé atẹ ẹ̀wà rẹ̀.

“Jẹ́ kí a rí ọmọ tìrẹ náà níbi tó ti ń gbìyànjú,” ó ní. “Ẹkún yẹn, fi sílẹ̀ fún àwa.”

Mo bi í bóyá mo lè lo díẹ̀ nínú ohun tó sọ. Ó ní bí mi ò bá ti dárúkọ ọmọ ọlọ́mọ, kí n lò ó.

Ní ọjọ́ kejì, mo ra ìwé àjákọ tuntun, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́. N kò pa bàbá ọmọ náà mọ́. Mo ní ó ń la igi nínú igbó níbi tó jìnnà, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò máa wá wò ó ní ọjọ́ Sátidé. Bẹ́ńṣì kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, ọmọ náà yóò fi àkísà tútù nu bẹ́ńṣì yẹn, bí ẹnìkan bá sì bi í léèrè, yóò ní eruku ló pọ̀ lára rẹ̀. Mo yọ iná tó jó ilé kúrò. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ ọmọ taìpù nípa ojú wíwò, mo sì fún ọmọ náà ní etí: ó mọ ìrìn gbogbo ará ilé, ó lè wà ní ẹ̀yìnkùlé kó sì mọ̀ láti inú ìró bàtà bóyá inú ẹ̀gbọ́n bàbá òun dùn tàbí kò dùn.

Èyí tó nira fún mi jù ni kí n jẹ́ kó ṣẹ̀. Ó ń dùn mí bí ẹni pé ọmọ tèmi ni mò ń bà lórúkọ jẹ́. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó fọ́ àwo tánńganran kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fẹ́ràn, mo sì jẹ́ kó sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá náà tó kéré sí i ló fọ́ ọ. Wọ́n na ọmọ kékeré náà. Fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ọmọbìnrin mi ń bu ẹran inú oúnjẹ rẹ̀ fún ọmọ yẹn, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìgbà tí mo kọ ibẹ̀ tán ni mo kọ́kọ́ rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà di ènìyàn lọ́wọ́ mi pẹ̀lú. Orúnkún ń dùn ún, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ, ó sì gbà tọkàntọkàn pé ọmọ tí a bá kẹ́ ni yóò bàjẹ́.

Mo pinnu pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ náà yóò sunkún nínú gbogbo ìwé. Ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí yóò ti sun ún. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi padà sí abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn.

Mo bẹ ọmọ taìpù náà pé kó má bínú pé mo kó ìwé mi jáde lójijì ní ọjọ́sí. Ó ní kí ni òun fẹ́ bínú sí, òun ti ń bẹ̀rù pé òun ti rí àgbà fín. Mo kó orí tuntun lé e lọ́wọ́, mo sì bi í pé ìgbà wo gan-an ni irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́.

“Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá nà wọ́n, Àǹtí,” ó ní. “Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ṣe wọ́n dáadáa ni.”

Ó sọ fún mi pé obìnrin tí òun gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn tó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí òun fẹ́ lọ ṣe ìdánwò, obìnrin náà pe òun padà lẹ́nu ọ̀nà, ó yí òun lẹ́yìn dà, ó sì dé bọ́tìnnì aṣọ tí ọwọ́ òun kò tó. Ọmọ taìpù ní òun sunkún láti ibẹ̀ dé ẹnu géètì ilé-ìwé, òun kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí di òní. Mo bi í bóyá mo lè lò ó. Ó ní kí n lò ó.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé náà parí. A tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báírò wa, òun ń kà, èmi ń fi àmì sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ ti ń yàtọ̀ láti orí kejì. Nígbà tó di ibi tí ọmọ náà ti kọ́kọ́ nu bẹ́ńṣì, ó kà á tán, ó sì padà kà á lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni mo ti fi àmì sí i tán. Ọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tó wá gba pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ kámpọ́ọ̀sì méjì ti kún lọ, kò dìde. Níkẹyìn, ó bi wá pé, “Ṣé bàbá náà padà wá?”

Ọmọ taìpù dá a lóhùn láìgbé ojú sókè. Ó ní, “Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. A kò tíì débẹ̀.”

Nígbà tí a dé ibi bọ́tìnnì, ó gbé ìwé náà fún mi pé kí n máa kà á. Ó yí ojú sí ọ̀nà, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Mo kà á dé òpin. Ojú tèmi gbẹ, ohùn mi sì dúró ṣinṣin. Mo sì mọ̀ ní ọjọ́ náà pé mo ti di òǹkọ̀wé, kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ ìwé yẹn jáde. Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, ṣe ni mo gbé àyà síwájú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Ìbàdàn gbà á. Ó ju ọdún kan lọ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, èmi àti ọmọ taìpù jọ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, òun ló sì ka orí bẹ́ńṣì fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi gbọ́ ọ parí, ó gba ìwé náà, ó gbé e lé itan, ó sì fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé òun àti ọmọ òun ló jọ kọ ìwé kan. N kò já a níyàn rí, nítorí òótọ́ ni. Àwọn olùkọ́ yunifásítì méjì kan tó ń kọ̀wé ní Yorùbá gbọ́ nípa ọmọ taìpù náà lẹ́nu mi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé iṣẹ́ wọn wá fún un. Kì í ṣe nítorí títẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ń wá. Wọ́n fẹ́ kó kà á sókè fún wọn, kí wọ́n lè gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti tutù.

Lẹ́yìn náà, ilé-ìwé kan ní Modákẹ́kẹ́ pè mí láti wá bá àwọn ọmọ wọn sọ̀rọ̀, torí wọ́n ń ka ìwé náà ní kíláàsì. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú bébà. N kò rí i sọ. Kí n tó dìde, ọmọbìnrin kan ti sọ pé òun kò lè dárí ji ọmọ inú ìwé yẹn nítorí àwo tó fọ́, pé ọmọ tó jẹ́ kí wọ́n na ọmọ aláìṣẹ̀ kò yẹ lẹ́ni à ń káàánú. Òmíràn dìde láti ẹ̀yìn, ó ní ẹ̀rù ló ba ọmọ inú ìwé náà, ṣé ẹni tó sọ̀rọ̀ yìí kò purọ́ rí ni? Ẹ̀kẹta ní bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ ronú pìwà dà ni, ṣe ló yẹ kó sọ òótọ́ fún ìyá ọmọ náà, kì í ṣe kó máa bu ẹran. Olùkọ́ wọn fẹ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́ nítorí àlejò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀.

Bí ẹni ń ṣẹjọ́ ọmọ àdúgbò wọn ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dárúkọ mi, wọn kò sì bi mí ní ohunkóhun. Mo jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún mi níwájú, mo ká bébà mi sínú báàgì, mo sì ń gbọ́ wọn. Inú mi dùn débi pé n kò fẹ́ kí agogo lù.